Ajá Aládùúgbò Wa

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń sáré díẹ̀ ní àdúgbò wa ní London. Ní àkókò òtútù tó kọjá, màmá àgbà tí ilé wọn kángun sí tiwa ṣubú, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ajá wọn nìkan ló kù nílé, tó ń ké. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n mo ń lọ́ra.

Ọmọ mi obìnrin ní: “Bàbá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ọkùnrin kan wọ inú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, Ọlọ́hun sì forí jìn ín?”

Mo dákẹ́. Mo mọ̀ pé Máálíkì, tí àwa Yorùbá ń tẹ̀lé mọ́dáhábù rẹ̀, kò ka ara ajá sí ẹ̀gbin. Ẹnu ayé ni mo ń bẹ̀rù.

Èmi àti ọmọ náà kó pákó àti ìṣó, a kan ilé kékeré fún ajá náà ní ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń bá mi sáré láàárọ̀.

Nígbà tí màmá náà padà dé, wọ́n di ọwọ́ ọmọ mi mú, wọ́n ń sunkún. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìṣe wa bá wáàsí wa mu. Àmín.