Gbólóhùn Tí Mi Ò Fi Yorùbá Kọ́ Kí N Tó Lọ fún Practicum

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú practicum wa, ọ̀rọ̀ aṣọ ló gba gbogbo wa lọ́kàn. Ta ló ní yẹ̀rì tó gùn kọjá orúnkún, ta ló máa yá ta ní bàtà dúdú, ṣé wọ́n máa gbà ká fi àtaṣímẹ́ǹtì dirun níbi tí wọ́n pín wa sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe TP rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ẹni tó rò pé ẹnu òun ló máa kó bá òun.

Kí a má parọ́, wọ́n kọ́ wa níṣẹ́. Mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń jókòó: ẹnì kan á ṣe olùgbaninímọ̀ràn, ẹnì kan á ṣe ẹni tó níṣòro, ẹnì kẹta á máa wò wọ́n, á sì máa kọ àṣìṣe sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní SOLER ti Gerard Egan: kọjú sí ẹni náà, má ká apá mọ́ra, tẹ̀ síwájú díẹ̀, wò ó lójú, fara balẹ̀. A ka Carl Rogers débi pé a lè sọ èrò rẹ̀ nípa gbígba èèyàn láìdá a lẹ́jọ́ lójú oorun. Ìṣòro tí a fi ń ṣeré náà kì í ju "ọ̀rẹ́kùnrin mi já mi sílẹ̀" lọ, ẹ̀rín la sì fi ń parí rẹ̀. Òyìnbó la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ilé-ìwé gírámà kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n pín mi sí. Olùgbaninímọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tún ń kọ́ wọn ní Civic Education, yàrá rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó àga tó ti kán sí. Lọ́jọ́ kejì mi níbẹ̀, tíṣà kan fa ọmọkùnrin kan létí wá bá mi. "Ànńtí, ìtọ́sọ́nà niṣẹ́ yín, àbí? Ẹ bá mi tọ́ eléyìí sọ́nà kí n tó fi pàṣán tọ́ ọ." Ìgbà yẹn ló yé mi pé lójú àwọn ọmọ, ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ bá Gáídáǹsì ti dáràn nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ báyẹn lọ́dọ̀ wa. Ní 1959, ní St. Theresa's College n'Ìbàdàn, àwọn sísítà Kátólíìkì ló ṣètò rẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde ìwé lè mọ iṣẹ́ tó yẹ wọ́n. Wọn ò fi bá ẹnikẹ́ni wí.

SOLER ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Mo ranjú mọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ọmọ wolẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó tó ni orí rẹ̀ ń tẹ̀ tó. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá kì í wo àgbà lójú kòrókòró, mo sì mọ bẹ́ẹ̀ kí n tó wọ yunifásítì! Nígbà tó yá, mo gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, kí a jọ máa wo fọ́ọ̀mù orí tábìlì. Ahọ́n wọn wá tú.

Báyẹn ni mo ṣe jókòó ti ọmọbìnrin SS1 kan tó fẹ́ kúrò ní Science bọ́ sí Commercial. Kó lè bá mi sọ̀rọ̀, mo ní, "Má bẹ̀rù, ohunkóhun tí o bá sọ, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé." Ká ní Òyìnbó ni mo fi sọ ọ́ ni, ǹ bá rántí ìyókù rẹ̀, torí a ti kọ ọ́ nínú ìdánwò pé àṣírí yìí ní ààlà, tí ewu bá ń bọ̀ wá bá ọmọ náà tàbí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mò ń sọ, ohun tí ẹ̀gbọ́n máa ń sọ fún àbúrò ló sì jáde lẹ́nu mi.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá. Kì í ṣe torí Science. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ó sì máa ń kiri ẹ̀pà tí ilé-ìwé bá parí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀pà ò bá tà tán, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù kan létí gáréèjì ló ti ń sùn. Awakọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó sì ti ní kó máa wá sùn nínú ọkọ̀ òun. Ó wá wò mí fẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ànńtí, ẹ ti ní ẹ ò ní sọ o."

Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Òru méjì nìyẹn, mo sì mọ ibi tó lè máa sùn. A ti ka Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kíláàsì, a mọ̀ pé kò fàyè gbà á kí wọ́n máa fi ọmọ kiri ọjà ní títì, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ta ni akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ lọ bá láàárọ̀ ọjọ́ tó bá gbọ́ irú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá olùgbaninímọ̀ràn ilé-ìwé náà. Màmá yẹn ò pariwo mọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: "Kí lo sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà, kí ọ̀sẹ̀ yẹn sì tó parí, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń wá sílé-ìwé.

Kò wá bá mi mọ́. Bí a bá pàdé lọ́nà kíláàsì, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kò pè mí ní Ànńtí mọ́ títí mo fi parí.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n wá bá àwọn 300 level tó ń múra àtilọ sọ̀rọ̀. Mi ò débi ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo ní kí wọ́n jókòó ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ (ẹni tó bá gbọ́ Haúsá tàbí Ígbò, kó fi ìyẹn náà sọ ọ́): "Èmi àti ìwọ la jọ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ohun tó lè pa ọ́ lára, tàbí tó lè pa ẹlòmíràn lára, mo máa ní láti sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́. Màá sì kọ́kọ́ sọ fún ọ kí n tó lọ." Ọmọkùnrin kan ní tí òun bá sọ báyẹn, ọmọ wo ló tún máa la ẹnu? Mo ní òótọ́ ni, àwọn kan ò ní sọ. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Mo ní kó tún un sọ, kó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.