Bísíkíìtì Ọdún ní Ìlú Nápólì

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi wá léèrè ohun tí ojú wa rí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí a lọ kí ọmọ wa obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní Ítálì. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí a máa sọ ọ́ láti ilé dé ilé. Àwa méjèèjì, bàbá àti ìyá, ni a jọ lọ. Àwa méjèèjì náà ni a sì jọ kọ èyí.

Kánò ni a ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. A gba Addis Ababa dé Róòmù, ọkọ̀ ojú irin sì gbé wa láti ibẹ̀ dé Nápólì ní nǹkan bí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 10. Òtútù wà, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá. Ìlú ńlá létí òkun ni Nápólì, òkè oníná tí wọ́n ń pè ní Vesuvio wà nítòsí rẹ̀, èyí tí ó bú gbẹ̀yìn ní ọdún 1944. Ariwo ọjà ibẹ̀, bí àwọn alùpùpù ti ń gba àárín ènìyàn kọjá, àti aṣọ tí wọ́n sá láti fèrèsé dé fèrèsé lókè orí ẹni, kò jẹ́ kí a rò pé a jìnnà sílé. Ọkọ ọmọ wa sọ fún wa pé àwọn àtìpó ará Gíríìkì ni ó tẹ ìlú náà dó, ó ti ju 2,400 ọdún lọ, àti pé Ìlú Tuntun ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Kí ni Sábọ̀n Gàrí ní èdè Haúsá bí kò ṣe Ìlú Tuntun? Àwọn ará ilé ní Ìbàdàn a máa pe ibi tí Haúsá ń gbé ní Sábó. Ní Kánò níhìn-ín, àwa ni àlejò inú Sábó. Ọmọ wa ti Sábó dé Sábó nìyẹn.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ọkàn wa kò balẹ̀ nígbà tí a ń lọ. Ní ọdún 2016 tí ó ṣe ìgbéyàwó, àwọn àgbà kan nínú Ẹgbẹ́ wí fún wa pé ọmọ náà ti sọnù. A kò dá wọn lóhùn, nítorí a kò ní èsì. Ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ lórí fóònù ni pé ìyá ọkọ òun kò bá òun jà rí, kò sì bá òun ṣeré rí. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí màmá náà bá wọ ilé ìdáná láti ṣe bísíkíìtì ọdún, abọ́ ni ó ń fún ọmọ wa fọ̀. Ọdún méje ni ó fi fọ abọ́.

Ní Nápólì, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Wúńdíá, ni ọ̀pọ̀ ilé ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń ṣe. Mostaccioli ní igun mẹ́rin, wọ́n sì fi ṣokoléètì bò ó lára. Susamielli jẹ́ ti oyin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà S. Ní ti struffoli, kò ṣe àjèjì sí wa rárá. Fíláwà, ẹyin, ọ̀rá díẹ̀ àti èèpo ọsàn ni wọ́n ń pò pọ̀, wọn a yí i bí okùn, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a sì dín in. Ìyá nínú wa ti pariwo pé, "Ṣínṣín rèé!" Kò tí ì pa ẹnu dé tí wọ́n fi da oyin gbígbóná lé e, tí wọ́n tò ó bí òṣùká sínú àwo, tí wọ́n sì wọ́n ṣúgà aláràbarà sí i lórí.

Roccocò ni olórí wọn. Ìwọ̀n kan náà ni fíláwà àti ṣúgà rẹ̀, álímọ́ńdì yíyan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn. (Álímọ́ńdì inú Bíbélì ni o, kì í ṣe fúrúùtù tí àwọn ọmọ ń ṣà nílẹ̀.) Wọ́n ń fi èèpo ọsàn sí i, àti èlò olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní pisto: kínámónì, kànáfùrù àti àwọn mìíràn tí a lọ̀ pọ̀. Bọ́tà kò sí nínú rẹ̀, ẹyin kò sí nínú rẹ̀, àfi èyí tí a fi ń pa á lára kí ó tó wọ ààrò. Ẹtù funfun díẹ̀ ni ó ń mú un wú, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí ààrò, omi ni yóò bọ́ lójú ẹni. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, òórùn náà a lọ pátápátá. Omi ni ìdánwò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kéré.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, màmá yìí ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Milano, iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó wá. Báyìí ni ó fi di pé ní àárọ̀ ọjọ́ 8, níṣojú wa, ó na ọwọ́ sí ọmọ wa pé kí ó wá dúró nídìí tábìlì. Òun tìkára rẹ̀ jókòó sórí àga pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi aṣọ dì, ó ń wò.

Kò sí ìwé kankan. Bí ọmọ wa bá bi í pé omi ti mélòó, yóò dáhùn pé, "Quanto basta," èyí ni pé, títí yóò fi tó. Ọmọ wa da omi, ó rò pé ó tó. Nígbà tí wọ́n yọ àwo àkọ́kọ́ jáde, gbogbo òrùka náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Màmá náà wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó dìde, ó bọ́ sí pálọ̀. Ọmọ wa dúró, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá fẹ́ dìde lọ bá a. Bàbá di etí aṣọ rẹ̀ mú, nítorí ilé àna ni a wà.

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń ta omi sí i tín-ń-tín, ó ń fi gbogbo agbára pò ó, álímọ́ńdì ń gún un lọ́wọ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù. A kò mọ ìgbà tí màmá náà padà wọlé. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì, ó tẹ ìyẹ̀fun náà, ó mi orí. Ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Basta." Ó tó.

Nígbà tí wọ́n tutù, ó mú ọ̀kan, ó fi lu tábìlì: kó, kó, kó. Ó to mẹ́fà sínú àwo, ó ní kí ọmọ wa tẹ̀ lé òun, wọ́n sì lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tí ó kọjú sí tiwọn. A gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ èdè. Nígbà tí wọ́n padà, ojú ọmọ wa ti pọ́n. A bi í pé kí ni màmá wí. Ó ní, "Ó ní kì í ṣe òun ló ṣe é, ìyàwó ọmọ òun ni."

Ní alẹ́ wọ́n ń ki tiwọn bọ inú wáìnì, àwa ki tiwa bọ inú tíì. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má pe dókítà eyín lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ 23, màmá náà bẹ ìyá pé kí ó ṣe ṣínṣín Kánò fún òun rí. Bí ìyá ti ń da fíláwà sínú abọ́, màmá mú ìwé àti bírò, ó ní kí ọmọ wa bi í pé ṣúgà ti mélòó. Ìyá kò dúró de ògbufọ̀. Ó ní, "Quanto basta!" Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó, ọmọọmọ wa sì ń sá yí tábìlì ká, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ náà bí orin.

A gbé roccocò ogójì bọ̀ wá sí Kánò, ọ̀kan ṣoṣo kò fọ́ lọ́nà. A pín wọn ní ìpàdé oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí ó wí pé ọmọ wa ti sọnù mú méjì. Ó fi ọ̀kan sápò fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ń fi èkejì lu tábìlì títí alága fi ní kí ó jẹ́ kí àwọn ka ìwé owó.