Bí A Ti Ń Gé Ọ̀rọ̀ Gígùn

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí a ṣe nínú ilé wa ní Ìlọrin, bóyá yóò ṣe òbí mìíràn ní àǹfààní.

Ọmọ wa ọkùnrin, tí ó wà ní ìwé karùn-ún, kì í fẹ́ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sókè. Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ gígùn, yóò fò ó bí ẹni tí ń fo kòtò. Àwa kà á sí oríkunkun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó fo “disagreement”, a sì jágbe mọ́ ọn pé, “Aláìgbọràn!” Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ni ó ń bà mí. N kò mọ ibi tí mo lè gbà mú un.”

Èyí wọ̀ wá ní akínyẹmí ara. Èébú tí a bú u náà gùn, síbẹ̀ ó yé e, nítorí ó mọ “àì”, ó mọ “gbọ́”, ó sì mọ “ọ̀ràn”.

Orúkọ ìlú wa ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n gé e sí mẹ́ta: Ì-lọ-rin. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé “ìlọ irin” ni, nítorí òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ń lọ irin; ìtumọ̀ gé e sí méjì. Ọ̀nà méjì ni ó wà: ti ahọ́n, kí a lè pè é, ti ìtumọ̀, kí ó lè yé wa.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ahọ́n gé e sí mẹ́rin: dis-a-gree-ment. Ìtumọ̀ gé e sí mẹ́ta: “agree” ni kí a fohùn ṣọ̀kan, “dis” takò ó bí “àì” tiwa, “ment” sọ ìṣe di orúkọ, bí “ì” inú “ìlọ”.

Ní ọjọ́ kejì ó gé “uncle” sí méjì, ó bi wá pé, “Kí ni ‘cle’ tí wọ́n ní kò sí?” A rẹ́rìn-ín títí. A wí fún un pé, bí èyí tí ó kù kò bá ní ìtumọ̀, kí ó dá ọ̀bẹ dúró, kí ó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì yára, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀rọ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awùsá. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó pe ọmọ yín ní olóríkunkun, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti há a lọ́fun.