Ohun tí Màámi ń wò lábẹ́ ìbòrí

Màámi kì í ṣe Àgùdà, síbẹ̀ lọ́dọọdún tí àwọn Kátólíìkì bá ń ṣe ìwọ́de Ara Mímọ́ Olúwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, á fà mí lọ́wọ́ lọ sí Campos, ojú kan náà la sì máa ń dúró sí. Bí wọ́n bá ti gbé ìbòrí tó ń dán tí fáda máa ń rìn lábẹ́ rẹ̀ dé iwájú wa, ojú Màámi kì í kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, kí lẹ ń wò?" Ó ní, "Ohun tí Abíọ́dún rí." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú wò ó. Bàtà fáda ni mo rí, eruku ti bò ó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n bá ti ní ìjọ Kérúbù àti Séráfù, Mose Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́, Bàbá Aládùúrà, lẹ máa ń dárúkọ. Ẹ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, orúkọ ọmọbìnrin náà ló máa ń ṣáájú: Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n. Ọdún 1907 ni wọ́n bí i. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1925, òun náà lọ wòran ní Campos bíi tiwa. Ó ní òun rí áńgẹ́lì lábẹ́ ìbòrí náà, áńgẹ́lì ọ̀hún sì tẹ̀ lé òun délé. Kò pẹ́ tí ọmọ fi dákú lọ, tí ẹnikẹ́ni kò rí i jí. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Orímọládé, tó wọ Èkó ní 1924, tí ẹsẹ̀ kò gbé dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ gba àdúrà. Ó gbàdúrà, ọmọ dìde. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́run, èrò ya bo ilé. Kí ọdún yẹn tó parí, ẹgbẹ́ ti dúró. Séráfù nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Kérúbù wá kún un.

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni àwọn èrò náà. Láti 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti ń pa ènìyàn l'Ékòó. Ẹni tó ti sin ọmọ méjì kò ní béèrè ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún ẹ̀kẹta.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ṣe é fún mi. Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Kò sí àgbo, kò sí kuníìnì. Láàárín òru, Màámi gbé mi jókòó sórí ẹní, ó tan àbẹ́là, ó bọ́ bàtà, ó gbé ìgò omi síwájú, ó sì ka Sáàmù sí ẹnu ìgò náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí síni létí. Ó ní kí n mu. Ìgò kẹrosíìnì ni ìgò yẹn nígbà kan rí, kò sì tíì gbàgbé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, Sáàmù ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Bóyá omi náà ni o, bóyá ibà ló sú, ṣáá, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo béèrè ẹ̀kọ.

Abíọ́dún, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ló kó àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn nínú aṣọ funfun, tí wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Iléṣà àti Oǹdó. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn, wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kó oògùn wọn dànù. Obìnrin, láyé ìgbà yẹn!

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1929, Bàbá Aládùúrà kọ̀wé sí i pé kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kálukú ló ní àlàyé tirẹ̀. Màámi kì í mẹ́nu kan lẹ́tà yẹn kó má pòṣé. Èmi ò ní dá ẹjọ́ àgbà tó ti sùn. 1933 ni Bàbá papò dà, Òjòkóró ni wọ́n sin ín sí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí ọkùnrin bá yapa, wọ́n á ní ó níran. Obìnrin ni wọ́n máa ń ní ó gbéraga.

Abíọ́dún kò kúkú padà sílé lọ jókòó. Kápítẹ́nì Abíọ́dún ló ń jẹ́. Ó lọ́kọ ní 1942, Emmanuel lorúkọ ọkọ, ṣùgbọ́n èmi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìyàwó Emmanuel rí. Nígbà tó di 1986, tí àwọn ẹ̀ka ìjọ náà tó ti fọ́ yángá fẹ́ padà di ọ̀kan, òun ni wọ́n gbà ní olórí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn lẹ́tà! Ọ̀pọ̀ àwọn tó pè é ní agbéraga ti wà nínú ilẹ̀. Màámi náà ti lọ, kò gbọ́. Èyí dùn mí ju bó ti yẹ lọ.

Kápítẹ́nì kú ní 1994. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo dá lọ sí Campos, mo dúró sójú ibi tí a máa ń dúró sí. Nígbà tí ìbòrí dé iwájú mi, mo di orúnkún mú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú wò ó. Kò sí eruku lára bàtà fáda mọ́. Wọ́n ti da ọ̀dà sí títì.