Alẹ́ Kan ní Ìgbàrà-Òkè

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, a gba ọ̀nà Iléṣà láti Àkúrẹ́, a sì wọ̀ ní Ìgbàrà-Òkè lọ́dọ̀ ìyá aránṣọ kan tí í ṣe ìbátan wa. Wáyà iná wà ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni a bá. Òrùlé ìyá yìí nìkan ni sólà wà. Owó èésú ọdún méjì ni ó fi rà á.

Títí di 2023, ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé nìkan ni Ìwé Òfin Nàìjíríà gba ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná. Ìlú tí wáyà dé tí kò sì tàn ńkọ́? Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni a mú ààlà yìí kúrò. Ní 2024 Ìpínlẹ̀ Oǹdó gba àkóso iná sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023 pẹ̀lú, Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún Nàìjíríà nítorí iná oòrùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta sólà ni owó ìrànwọ́ náà ń gbà kọjá.

“Akọ̀wé,” ni ìyá wí, “ọdún wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa?”

A kò rí èsì fọ̀. Ó padà sí ìdí ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé lọ. Títí ilẹ̀ fi mọ́, iná ìgboro kò tàn.