Àrokò Ayé Òde Òní

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa ní Ìkòròdú fi ìka tọ́ka sí àmì dúdú àti funfun tí ó wà lára ìwé NIN, ó sì bi wá léèrè bí fóònù ṣe ń ka ohun tí kò ní lẹ́tà kankan. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé mìíràn náà gbọ́ èsì wa.

Ẹ̀yin ọmọ, àrokò ni. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́, ẹni tí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun, nítorí ẹ̀fà ń sọ ti fífà. Iye ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kóòdù QR, tí Masahiro Hara, ará Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1994. Wọ́n fi ojú ńlá sí igun mẹ́ta. Igun kẹrin kò ní irú rẹ̀. Ojú wọ̀nyí ni fóònù kọ́kọ́ ń wá. Bí ó bá la àárín ọ̀kan kọjá, yóò bá dúdú 1, funfun 1, dúdú 3, funfun 1, dúdú 1. Ìbáà gba òró, ìbáà gba ìbú, iye náà kì í yí padà. Igun tí kò lójú ni yóò sì fi ibi tí orí wà hàn án, bí a tilẹ̀ dorí ìwé kodò. Nígbà náà ni yóò ka àwọn ilé kéékèèké inú rẹ̀: dúdú ni 1, funfun ni 0. Èyí tí ó kéré jù lọ ní 21 ní òró àti 21 ní ìbú, àpapọ̀ 441. Bí ìdọ̀tí bá bo díẹ̀, àfikún tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ yóò tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òbí, àwọn baba wa a máa mọ ẹni tí ó gbé àrokò wá; fóònù kò mọ ẹnìkan. Bí olè bá lẹ kóòdù tirẹ̀ bo ti ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, fóònù yóò kà á láìṣì, owó yóò sì bọ́ sápò olè. Nítorí náà a ṣe é lófin nínú ilé wa pé kí a ka orúkọ tí ó bá jáde sí etí ìgbọ́ ọlọ́jà, kí ó jẹ́wọ́ pé tòun ni, kí a tó fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ojú yín mú ju tiwa lọ, ẹ máa bá àwọn ìyá yín kà á.