Kí A Tó Kọ Iye Owó, Kí A Kọ Orúkọ Ọmọ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Mile 2 gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ yóò kan ilé àwọn ológun ní Ọ̀jọ́ kí ó tó dé Ìyànà Ìbà àti Okokomáíkò. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà ni ó ti bá wọn pín in gbé: àwọn ológun àti aya wọn láti ìhà Àríwá àti ìhà Ìlà-oòrùn, àwọn oníṣòwò ọjà Aláàbà, àwọn Ègùn ará etí omi, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ní àdúgbò yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí a máa ń gbọ́ fèrè àwọn ológun láti inú ọgbà rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni ó ti bá wa. Kì í sì í ṣe ọ̀ràn ìyìn fún àwa tí a ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí a ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, a pè wá pé kí a wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ran ọ̀gá ilé-ìwé náà lọ́wọ́. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa pinnu ní ọdún 2005 pé kí ó wà ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba: òbí wà nínú rẹ̀, olùkọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò àti akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a kọ ètò kan sílẹ̀, tí yóò sọ ohun tí a ó fi owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe, bí ó bá dé, fún àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ jù nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé náà.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ orísun owó yìí. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn, tí a ṣe ní ọdún 2004, pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 2 nínú 100 owó àpò gbogbogbòò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Àjọ tí a ń pè ní UBEC ni ó ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gbà á gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbé ìpín tirẹ̀ kalẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì iye owó iṣẹ́ náà. Nítorí èyí, owó tí ó tọ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn a máa dùbúlẹ̀ ní Àbújá fún ọdún díẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Òfin kan náà ni ó ní kí a má ṣe gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé ìjọba. Òun náà ni ó sì ní òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ yóò jẹ̀bi: ìbáwí ni ti àkọ́kọ́, ìtanràn ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀, ni ti ẹ̀ẹ̀kejì.

Kì í ṣe òní ni àwọn àgbà ti ń wá ọ̀nà tí ọmọ tálákà yóò fi mọ̀wé. Ní ọ̀nà tí a ń sọ yìí gan-an, ní Àgbádárìgì, ni àwọn míṣọ́nnárì Wẹ́sílì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún 1843. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ní ọdún 1957 ó kan Èkó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 ìjọba àpapọ̀ nà án dé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999 ni a sì tún un bẹ̀rẹ̀ ní Sókótó ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni a máa ń rò pé bí owó ilé-ìwé bá ti kúrò, ìdènà tán. Ṣùgbọ́n a lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ọmọ, kí ebi sì dì í mú lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbìmọ̀ wa. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹnìkan ní geeti ilé-ìwé ti dípẹtà, ó ń dójú tì wá. Ẹnìkan ní kí a kun gbogbo ògiri ní ọ̀dà tuntun. Ẹlòmíràn ní ọ̀gá ilé-ìwé kò ní àga tí ó yẹ ipò rẹ̀. Àwa ni a mú gègé, nítorí pé wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé wa dára. A sì to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a kọ iye owó sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fa ìlà sí ìdí rẹ̀, a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Inú wa dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Nígbà tí a kà á tán sókè, ìyá kan tí ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, tí ó dúró fún àwọn òbí, béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé:

"Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọmọ mélòó ni ìwé tí ẹ kà yìí ń sọ̀rọ̀ wọn?"

A dáhùn pé gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni.

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ti àwọn tí ìyà ń jẹ jù ni. Àwọn wo nìyẹn? Mo mọ àwọn tí ń ra àkàrà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ àwọn tí ń dúró wò ó."

A wo ìwé ọwọ́ wa. Kò sí orúkọ ọmọ kan níbẹ̀. Geeti wà níbẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀. Ojú tì wá, a sì ní kí a sún ìpàdé síwájú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a rántí ohun kan tí a ti ń sá fún láti rántí. Nígbà tí a ṣì ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé mìíràn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí kì í dé ní àsìkò. Pàṣán ni a fi ń kí i káàárọ̀. A kò béèrè ohun tí ó ń fà á sẹ́yìn. Èyí tí a mọ̀ ni pé agogo ti lù. Kí ọdún náà tó parí, a kò rí i mọ́, a sì fa ìlà pupa lé orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ a wọ ọkọ̀ kan ní Ìyànà Ìbà, ẹni tí ń pe èrò sí ọkọ̀ náà sì dọ̀bálẹ̀ kí wa: òun ni. Ó sọ fún wa, láìbínú, pé àìsàn ti so ìyá òun mọ́ ibùsùn ní ìgbà náà, òun ni òun ń pọn omi, tí òun sì ń ro ẹ̀kọ fún àwọn àbúrò òun kí òun tó jáde nílé. Kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ pé ó bú wa ni, ìbá sàn fún wa.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì a lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó fi rẹ́jísítà hàn wá. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ́jísítà fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Ọmọ tí kì í wá ní ọjọ́ ọjà, ọmọ tí ń pẹ́ ní ojoojúmọ́, ọmọ tí ó dá wíwá dúró lójijì ní àárín sáà, gbogbo wọn ni àmì wọn wà níbẹ̀. A pín orúkọ wọn láàárín ìgbìmọ̀, a sì lọ sí ilé wọn, ẹni méjì méjì, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, bí kò ṣe láti gbọ́.

Ohun tí a rí kò bá ohun tí a ti kọ mu rárá. Ọmọbìnrin kan ń ta omi inú ọ̀rá fún àwọn èrò ọkọ̀ láti ìdájí, kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ọmọ ológun kan pàdánù bàbá rẹ̀ lójú ogun ní Àríwá. Ilé ìjọba kì í ṣe ogún, ìyá rẹ̀ sì ń di ẹrù, kò mọ ibi tí ọmọ yóò ti máa wá sí ilé-ìwé mọ́. Ọmọ Ègùn kan, tí olùkọ́ rẹ̀ kà sí òmùgọ̀, ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n nínú èdè ìyá rẹ̀; Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì yé e. A rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ọmọ kan tún wà tí a ń nà nítorí pé kì í da ohun tí ó wà lára pátákó kọ: ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà.

Nígbà yìí ni a wádìí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tí ó fi owó ìjọba àpapọ̀ ran àwọn ilé-ìwé tí ọmọ tálákà pọ̀ sí lọ́wọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣe rí, ó sì ní kí olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jókòó tì òun bí òun ti ń fọwọ́ sí i. Títí di ìsinsìnyí, ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ fi owó náà tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí àìní àwọn ọmọ, ó sì gbọdọ̀ pe àwọn òbí sí ètò náà. Níbi tí àwọn ọmọ tálákà bá sì ti tó 40 nínú 100, a lè ná owó náà fún gbogbo ilé-ìwé pọ̀, láìya àwọn kan sọ́tọ̀. Ọgbọ́n yìí wọ̀ wá lọ́kàn, nítorí pé a ti rí i ní ibì kan tí a pe àwọn ọmọ aláìní jáde níwájú gbogbo ilé-ìwé láti gba bàtà, tí a sì ya àwòrán wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò wọ bàtà náà wá sí ilé-ìwé rí. Ọ̀nà ni a fi ń ṣe oore, bí a kò bá fẹ́ kí ó di èébú.

A kọ ìwé mìíràn. A fi orúkọ àwọn ọmọ pamọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Àìní wọn nìkan ni a kọ sínú ètò. Oúnjẹ ni ó ṣáájú. Ẹnìkan ní oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé; ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀sán ní ọdún 2016, ní ₦70 fún ọmọ kan lóòjọ́, fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, kí a tó dá a dúró fún àyẹ̀wò ní oṣù Kínní ọdún 2024. Ìyá alákàrà dáhùn pé ikùn ọmọ kì í dúró de àyẹ̀wò. A kọ ọ́ pé kí gbogbo ọmọ jẹun pọ̀ ní ìlà kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ aláìní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àyẹ̀wò ojú, ìwé kíkà, àti olùkọ́ kan tí yóò dúró lẹ́yìn agogo pẹ̀lú àwọn tí ó ti ṣubú sẹ́yìn. Geeti ni ó kẹ́yìn. A sì kọ ọ́ pé ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí a ka rẹ́jísítà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a mọ̀ bóyá àwọn ọmọ náà ń wá.

Títí a fi ń kọ èyí, owó náà kò tíì dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún ìwé náà kà, a rí i pé ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní iye owó. Ọmọ tí kò ríran jìnnà ti jókòó ní iwájú láti ọjọ́ kejì. Olùkọ́ kan tí ó gbọ́ Ègùn ti ń túmọ̀ fún ọmọ Ègùn. Ìyá ọmọ ológun rí yàrá kan ní Okokomáíkò nípasẹ̀ òbí mìíràn, ọmọ náà kò sì kúrò ní ilé-ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de Àbújá kí ẹ tó ka rẹ́jísítà yín. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ yín tí ń dúró wo àkàrà, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín.

Ní ti ọmọbìnrin tí ń ta omi, ó ṣì ń pẹ́. Ìyá rẹ̀ kò tíì ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ní ìsinsìnyí, tí ó kúnlẹ̀ kí olùkọ́, kò sí ẹni tí ń mú pàṣán mọ́. Olùkọ́ a ní, "Wọlé, ọmọ mi, jókòó, ojú ìwé 12 ni a wà." Ó sì ń jókòó, ó sì ń ṣí ìwé rẹ̀.